Ìtọ́jú Àwọn Arúgbó: Ilé Wọn ni kí Nọ́ọ̀sì ti Bẹ̀rẹ̀

Àwọn àgbà ní, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe yìí tọ̀nà ní ọjọ́ tí a pa á, nítorí ní ọjọ́ náà, inú ihò kan ni òkété àti ọmọ rẹ̀ jọ ń gbé. Lónìí ńkọ́? Ọmọ òkété ti lọ sí Èkó, àbúrò rẹ̀ wà ní Àbújá, èyí tí ó kàwé jù nínú wọn sì ti ré kọjá sí Kánádà tàbí sí Ìlú Ọba, níbi tí ó gbé ń wẹ ìyá àti bàbá oníyàá fún owó oṣù. Ìyá òkété nìkan ni ó kù sílé. Owó ń dé sí i ní ìparí oṣù, a kò sẹ́ èyí. Ṣùgbọ́n owó kò lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, owó kò sì lè gbé ènìyàn dìde nígbà tí ó bá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ní agogo mẹ́ta òru.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun sí ẹ̀yin òǹkàwé wa. Kò sí agboolé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní irú ìyá tàbí bàbá bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó mú wa gbé e wá sí ojú ìwé yìí ni pé, ní ọdọọdún, bí ọdún bá ti ń lọ sí ìparí, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa a máa to ètò ìnáwó ọdún tí ń bọ̀, a kì í sì í gbọ́ orúkọ àwọn arúgbó níbẹ̀ bí kò ṣe níbi tí a bá ti ń dárúkọ ẹ̀bùn. Ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà tí a fi ń ṣe àjọ̀dún òmìnira Nàìjíríà náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Àgbáyé yàn ní 1990 láti máa fi rántí àwọn arúgbó. Bí ọjọ́ méjèèjì ti bọ́ sí ọjọ́ kan yìí rọrùn púpọ̀ fún àwọn olóṣèlú. Wọn a pa àgọ́, wọn a pín ìrẹsì, wọn a gbé tábìlì méjì sí abẹ́ igi fún yíyẹ ara wò lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ayafọ́tò a sì ya fọ́tò. Nígbà tí yóò bá fi di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ká àgọ́ náà, tábìlì ti lọ, ó tún di ẹ̀ẹ̀mìíràn.

Ìyá kan wà tí a mọ̀ dáadáa, ẹni tí ó ta iṣu fún ogójì ọdún kí ó tó fi ọjà sílẹ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ó ga, wọ́n fún un ní oògùn ọjọ́ mẹ́rìnlá, wọ́n sì ní kí ó máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn náà jìnnà sí ilé rẹ̀ tó máìlì mẹ́rin, ọlọ́kadà kò sì í gbé ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lo oògùn náà tán, kò fi ẹyọ kan ṣòfò. Nígbà tí oògùn tán, ó gbà pé àrùn náà ti tán. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín o! Báyìí ni gbogbo wa ṣe mọ oògùn láti kékeré: ibà mú ọ, o lo oògùn ọjọ́ mẹ́ta, o dìde, ó parí. Ta ni ó sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ibà, pé oògùn rẹ̀ dàbí oúnjẹ tí a kì í jẹ lẹ́ẹ̀kan kí a ní ó tó títí ayé? Kò sí ẹni tí ó sọ fún un, nítorí kò sí ẹni tí ó padà wá wò ó. Ní oṣù kẹjọ lẹ́yìn náà, rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ kò sì já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ tí ń ránṣọ ní Ìbàdàn ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì ti padà sílé láti máa yí ìyá rẹ̀ sí ọ̀tún, sí òsì, lórí ẹní. Páálí oògùn náà ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Bí ènìyàn kan bá ti kan ilẹ̀kùn ìyá yìí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó ṣeé ṣe kí ó máa jókòó níwájú ilé rẹ̀ lónìí. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé ilé ńlá kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn arúgbó wa nílò. A kò kórìíra ilé ńlá. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí wọ́n ṣí ní 2012 nínú ọgbà ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn jẹ́ ohun ìwúrí, a sì ń kí àwọn tí ó wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé bàbá tí kò lè dìde láti Ìgbòho tàbí láti Ọ̀tun-Èkìtì dé ibẹ̀? Ohun tí a ń béèrè ni nọ́ọ̀sì tí ó ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀, tí ó ní ìwé tí orúkọ gbogbo arúgbó inú wọ́ọ̀dù náà wà nínú rẹ̀, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá wọn.

Kì í ṣe àṣà àjèjì ni a ń mú wá. Àwọn baba wa mọ wolé-wolé. Wọ́n bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n bú u lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí agboolé tí kò mọ ọjọ́ tí yóò dé. Bí ìjọba bá lè rán ènìyàn wọlé wá wo ìdin ẹ̀fọn nínú ìkòkò omi, kí ló dé tí kò fi lè rán ènìyàn wọlé wá wo ẹni tí ó ni ìkòkò?

Ohun tí ó tún wú wa lórí ju ti wolé-wolé lọ ni èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Dókítà David Morley, òyìnbó kan tí ó dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956, rí i pé àwọn ọmọ kéékèèké ń kú púpọ̀ ní ìlú náà, àti pé dókítà kò lè pọ̀ tó láti dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Kí ni ó ṣe? Ó fi iṣẹ́ náà lé àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Wọ́n ń wọn ìwúwo ọmọ kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, wọ́n ń fi àmì sí i lórí káàdì, káàdì náà sì ń bá ìyá ọmọ lọ sílé. Bí ìlà orí káàdì bá ti ń lọ sókè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá yà sí ìsàlẹ̀, nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ewu ti ń bọ̀ kí ọmọ náà tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Káàdì tí a fi ṣe ìdánwò láàárín àwọn ará Ìmẹ̀sí-Ilé yìí ni ayé gbà lò lẹ́yìn náà, ní ilẹ̀ Áfíríkà àti ní ilẹ̀ Éṣíà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń ka ìwé ìròyìn yìí ni wọ́n kọ ìwúwo wọn sórí irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lẹ́yìn ìyá wọn. Àwọn ìyá tí ó gbé wọn pọ̀n ti di arúgbó báyìí, àwọn gan-an kò sì ní káàdì kankan.

Kí ni ó yẹ kí ó wà lórí káàdì arúgbó? Àjọ Ìlera Àgbáyé ti tẹ ìlànà jáde lórí èyí ní 2017, ó sì tún la ọ̀nà rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní 2019. Nǹkan mẹ́fà ni wọ́n ní kí a máa wò: ìrántí, ìrìn, oúnjẹ, ojú, etí, àti ìbànújẹ́ ọkàn. Kò sí èyí tí ó béèrè ẹ̀rọ olówó ńlá nínú wọn. Nọ́ọ̀sì yóò dá ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún ìyá àgbà, bí iṣu, ilẹ̀kùn, àgbò, yóò sì bi í léèrè wọn nígbà tí ó bá ṣe díẹ̀. Yóò ní kí bàbá ká apá mọ́ àyà, kí ó dìde lórí àga kí ó sì tún jókòó ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Bí ó bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 14 lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rọ̀, ìṣubú kò sì jìnnà. Yóò béèrè bóyá ó ti fọn tó kílò mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kódà bí kò bá sí òṣùwọ̀n, ìró tí kò dúró ní ìdí mọ́ yóò sọ fún un. Yóò sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó gbọ́. Lẹ́yìn èyí ni yóò wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí ó bá sì ń jẹ́ 140 lé 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò sì rí i pé oògùn rẹ̀ kò tán. Yóò wo àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, nítorí ẹni bẹ́ẹ̀ lè gun ìṣó kí ó má mọ̀. Yóò wo ẹ̀yìn ẹni tí ó dùbúlẹ̀, kí ó sì kọ́ àwọn ará ilé bí a ti í yí i padà ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má baà jẹ ẹ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú tó ohun tí a ń dúró lé lórí díẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé ó lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún àwọn afọ́jú wa tí ó jẹ́ awọ funfun inú ẹyinjú ni ó bò wọ́n lójú. Iṣẹ́ abẹ tí kò gba ọjọ́ kan ni ó ń mú un kúrò! Bàbá tí wọ́n ń fi ọ̀pá fà kiri yìí ì bá máa ka Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹnì kan bá ti tan iná sí i lójú ní ìdùbúlẹ̀ ilé rẹ̀, tí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́.

Ti ìrántí ni ó sì ń dùn wá jù. Nígbà tí ìyá arúgbó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán, tí ó ń jáde lóru, tí ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú, a mọ ohun tí àwọn kan ń sọ. Wọ́n ní àjẹ́ ni. Bí wọ́n bá sì fi agídí bi í léèrè, yóò jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, nítorí kò mọ ohun tí wọ́n ń bi í mọ́. Wọ́n ti lu irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, wọ́n ti lé wọn jáde nínú ilé tí ọwọ́ wọn kọ́. Ìtìjú gbogbo wa ni èyí, pàápàá nítorí pé àárín wa níhìn-ín ni àwọn onímọ̀ ti wádìí àìsàn yìí fínnífínní. Láti 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, ti ń tọ àwọn arúgbó lọ ní ojúlé sí ojúlé ní Ìdíkàn, wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ní 2001, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀: láàárín àwọn tí ó ti pé ọdún 65, àìsàn ìgbàgbé ń mú ènìyàn 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kan ní Ìdíkàn, ó sì ń mú 3.24 ní Indianapolis. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ó wà. Àìsàn ni, oyè àjẹ́ kọ́. Nọ́ọ̀sì tí ó bá jókòó ti ìdílé kan tí ó sì ṣàlàyé èyí fún wọn yóò gba ìyá kan lọ́wọ́ ẹgba.

A ń gbọ́ kí àwọn kan máa wí pé: níbo ni ẹ ó ti rí nọ́ọ̀sì, nígbà tí gbogbo wọn ń sá lọ sí òkè òkun? Ìbéèrè náà tọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò dáhùn, nítorí àwọn olùkọ́ wà láàárín òǹkàwé wa. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé 400 arúgbó ni ó wà ní wọ́ọ̀dù kan, tí 20 nínú wọn kò lè dìde. Bí a bá ń bẹ 20 náà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 46 nínú ọdún, ìbẹ̀wò 920 nìyẹn. Bí a bá ń bẹ 380 yòókù wò ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ìbẹ̀wò 760 ni. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,680. Òṣìṣẹ́ kan tí ó bá wọ ilé mẹ́jọ lójúmọ́, ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, yóò ṣe 1,840 láàárín ọ̀sẹ̀ 46 náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́ọ̀dù nílò, ó sì tún ku díẹ̀ sílẹ̀ fún pàjáwìrì. Kò pọn dandan kí ẹni náà jẹ́ nọ́ọ̀sì oníwèé gíga. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ àdúgbò wà ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé wa. Kí nọ́ọ̀sì kan máa ṣe alábòójútó bíi mẹ́rin nínú wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì náà wà nílé, tí agbára ṣì wà lára wọn, tí àwọn arúgbó yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu ju ọmọdé lọ. Kúbà kì í ṣe ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, àwọn ọmọ Lùkùmí tí ó ti ọ̀dọ̀ wa lọ sì pọ̀ níbẹ̀. Láti 1984 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi dókítà kan àti nọ́ọ̀sì kan sí àdúgbò, kí wọ́n máa gbé àárín àwọn tí wọ́n ń tọ́jú.

Ìwà nọ́ọ̀sì náà ṣe pàtàkì. Ẹni tí yóò wọ ilé àgbà ní láti mọ bí a ti í kúnlẹ̀, kí ó kí ìyá, kí ó béèrè àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tó béèrè ìtọ̀ rẹ̀. Bí ó bá rí ìkòkò àgbo lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ó má ṣe yọ ṣùtì. Kí ó béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí arúgbó tí a bá fi ṣe ẹlẹ́yà yóò máa lo àgbo àti oògùn pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn mìíràn ní ètò yìí yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ pa àwọn òbí wọn tì fún ìjọba. A kò rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àró, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, ó ní kí àwọn ẹbí alárùn ọpọlọ wá máa gbé pẹ̀lú wọn ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Ó mọ̀ pé ẹbí jẹ́ apá kan nínú ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tí a ń sọ yìí kò ní gba ipò ọmọ. Yóò kọ́ ọmọ, ìyàwó ilé àti ọmọ-ọmọ ní ohun tí wọn kò mọ̀, yóò sì fi fóònù sọ òótọ́ fún èyí tí ó wà ní òkè òkun, ẹni tí ìyá rẹ̀ máa ń dá lóhùn pé “ara mi le” nígbà tí ara kò le.

Ní ti owó, òfin ti wà. Òfin Ìlera ti 1914 kọ́ ni a ń sọ o, ti 2014 ni, ó sì pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera alábọ́dé. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 náà dá àpò owó kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní, ó sì ka àwọn arúgbó mọ́ wọn. Òfin tí ó dá ibùdó àwọn àgbà orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní Àbújá ti gba ìbuwọ́lù láti 2018. Ohun tí ó kù ni kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù sínú ètò ìnáwó tirẹ̀, kí ó fi orúkọ pè é, kí ó sì fi òfin dè é. Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ òfin kò ṣòro láti rí. Ní 2011, ìjọba Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó tí ó ti pé ọdún 65, tí wọn kò ní owó ìfẹ̀yìntì, ní 5,000 náírà lóṣooṣù. Ohun tí ó dára ni. Ìjọba yí padà ní 2014, owó náà sì dúró. Àwọn arúgbó wọ̀nyí kò yí padà ní tiwọn, ebi ń pa wọ́n bí ó ti ń pa wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà. Ní ọjọ́ ìdìbò, ẹ mọ ilé gbogbo arúgbó. Ẹ ń rán ọkọ̀ lọ gbé wọn, ẹ ń fi apá gbé bàbá sọ̀kalẹ̀, ẹ ń di ìyá mú títí dé ibi àpótí. Ẹ kò lè wí pé ẹ kò mọ ibi tí wọ́n wà. Ìrànlọ́wọ́ tí a ń tọrọ lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ fi ìmọ̀ náà ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ láti kọ orúkọ, kí ẹ sì jáwọ́ kúrò nínú ìwé náà lẹ́yìn èyí. Bí káńsẹ́lọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orúkọ ìyá kan nítorí pé ọmọ rẹ̀ wà ní ẹgbẹ́ kejì, ètò náà ti kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní káàdì ẹgbẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mọ ohun tí kíkà àti kíkọ sílẹ̀ lè ṣe. Kí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1955, àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò pé 500,000. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, wọ́n lé ní 800,000, iye náà sì ju èyí tí ìjọba retí lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí àyè àti olùkọ́ fi ṣọ̀wọ́n. Irú rẹ̀ ni yóò tún dé bá wa bí a bá gbé ètò àwọn arúgbó kalẹ̀ láìkọ́kọ́ mọ iye wọn. Àwọn ọmọ kíláàsì gíga lè lọ sí ilé kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò wọn ní ọjọ́ Sátidé méjì, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó ti pé ọgọ́ta ọdún, bóyá ó ń dá gbé, bóyá ó lè rìn dé ọjà. Ẹ óò sì tún ràn wá lọ́wọ́ lórí ọjọ́ orí, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa kò mọ ọdún tí a bí wọn. Ogun Hitler tàbí ọdún tí Ọbabìnrin Ìlú Ọba wá sí Nàìjíríà ni wọn yóò fi ṣe àmì. Olùkọ́ tí ó mọ ìtàn ni yóò lè túmọ̀ ìyẹn sí iye.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn kọmíṣọ́nnà ìlera ìpínlẹ̀ wa kò pọ̀. Kí wọ́n mú wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ka àwọn arúgbó ibẹ̀ kí òjò ọdún tí ń bọ̀ tó sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀, kí wọ́n yan òṣìṣẹ́ kan sí i, kí wọ́n fún un ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, káàdì, àti owó ọkọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, kí wọ́n tẹ iye ìbẹ̀wò tí ó ṣe, iye ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀, àti iye ẹni tí ojú rẹ̀ ti là, sínú ìwé ìròyìn kí gbogbo ènìyàn rí i. Nígbà tí wọ́n bá ń ka ètò ìnáwó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, a ó rán akọ̀ròyìn wa lọ síbẹ̀, yóò sì wá ìlà tí a kọ nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù sí. Bí kò bá rí i, a ó tẹ orúkọ ìpínlẹ̀ tí kò sí nínú tirẹ̀ sí ojú ìwé yìí.